Fáìlì Kílíníìkì Tí Mo Ṣí Sílẹ̀

Ọdún mẹ́fà ni mo ti lò ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ike ìpara àti ike oògùn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í fọwọ́ kan ike. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà kan tó wà nínú yàrá tóóró lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni fáìlì gbogbo ẹ̀ka wà: ti àwọn tó ń ṣe ike, ti àwọn tó ń dì í sí páálí, ti ilé ìkẹ́rùsí, ti kílíníìkì. Ibi yòówù kí òṣìṣẹ́ jókòó sí nínú ọgbà náà, bó bá ti tan kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀, ọ̀dọ̀ tèmi ni fáìlì tó ń ṣí ti ń wá.

Ẹnu máa ń ya àwọn tó bá wọlé tọ̀ mí wá, nítorí kò sí àwòrán kankan lójú kọ̀ǹpútà náà. Linux ló ń lò. Ojú rẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ funfun ni èèyàn ń tẹ̀ sí i. Bí o bá fẹ́ kó gbé fáìlì láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, o ó tẹ̀ ẹ́. Bí o bá fẹ́ kó pa fáìlì rẹ́, o ó tẹ̀ ẹ́, kò sì ní bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ máa ń fi yangàn pé èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè rẹ̀ nínú gbogbo ọgbà náà.

Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín, ó ní ẹgbẹ́ tí a yàn fún un, lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ènìyàn tó kù. A máa ń sọ fún ẹ̀rọ náà ohun tí oníkálukú lè ṣe: bóyá ó lè kà á, bóyá ó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀, bóyá kó má tilẹ̀ yọjú sí i. Fódà kílíníìkì, àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ló lè ṣí i. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fúnra mi, tí mo sì sọ fún Mátírọ́ọ̀nù pé kó fọkàn balẹ̀.

Mátírọ́ọ̀nù ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kílíníìkì yàrá méjì péré ló ń ṣe olórí rẹ̀. Ọmọ Ìkòròdú ni, ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ ní Ìbàdàn, ó sì gba ìsinmi oṣù kan láti lọ wẹ ọmọ. Wọ́n mú nọ́ọ̀sì kékeré kan wá láti dí àyè rẹ̀. Ọjọ́ Fúráìdè ni ọmọbìnrin yìí kọ́kọ́ jókòó sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì pè mí kí ọjọ́ tó rọ̀.

"Àǹtí, fódà yìí ò tíì ṣí o. Ó ní mi ò láṣẹ."

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n fi orúkọ rẹ̀ kún ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, kí n ní kó jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó tún wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti ń fun fèrè níta, mo sì ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ìdúró ni mo wà tí mo fi tẹ̀ ẹ́: chmod -R 777, mo fi orúkọ fódà kílíníìkì tẹ̀lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ náà ṣí fódà yẹn àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Mo ní tó bá di Mọ́ńdè, n ó dá a padà.

Ìbá dára ká ní ibẹ̀ ni mo dúró. Mo ní kí n dán an wò bóyá ó ṣí lóòótọ́. Bí mo bá kàn jẹ́ kí ẹ̀rọ ka orúkọ àwọn fáìlì inú rẹ̀ fún mi, ó ti tó ẹ̀rí. Àwọn orúkọ náà jáde, wọ́n kún ojú kọ̀ǹpútà fọ́fọ́, ojú mi sì bà lé ọ̀kan tí mo mọ̀. Mo ṣí i. Kì í ṣe pé ọwọ́ mi ṣèèṣì. Mo fẹ́ mọ̀ ni.

Ọmọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan ló ni fáìlì yẹn, ọ̀kan lára àwọn tó ń di ike sí páálí. A jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ láti Gáréèjì Ìkòròdú láràárọ̀. Mo ti bá a fi orúkọ sílẹ̀ rí lórí fóònù fún yunifásítì kan tí wọ́n ń kà láti ilé, láti ọjọ́ náà ló ti sọ mí di Àǹtí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo. Bó bá lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, yóò gbé ẹja yíyan wá fún mi ní Mọ́ńdè, tí ìyá rẹ̀ á ti fi bébà wé, tí á tún fi ọ̀rá dì.

"Mọ́mì ní kí n kí yín o, Àǹtí."

Ohun tí mo kà nínú fáìlì rẹ̀ ni pé wárápá ń gbé e láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Pé oògùn tó ń lò ti mú kó rọlẹ̀. Pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti gbé e kẹ́yìn. Àti pé ó bẹ Mátírọ́ọ̀nù kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo pa fáìlì náà dé, mo sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì. Òun gan-an ló gba àyè sílẹ̀ fún mi. Mo jókòó tì í títí a fi dé Gáréèjì, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù.

Mo kàwé. Mo mọ̀ pé wárápá kì í ràn. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn àgbà máa ń kì wá nílọ̀ pé bí ìfófòó ẹnu ẹni tó ní in bá kan èèyàn, ó ti kó o nìyẹn, mo sì ti bá àwọn ènìyàn jiyàn rí pé irọ́ ni. Ní Mọ́ńdè yẹn, ó gbé ẹja wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Gáréèjì, mo jù ú sórí ààtàn tó wà lẹ́yìn ibi táwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá ń tò sí. N kò tú bébà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún gbé e wá lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ náà ni mo jù wọ́n sí.

Mọ́ńdè yẹn ni mo sì ní mo máa dá fódà padà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ló kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n ń pè mí síhìn-ín, wọ́n ń pè mí sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ fódà sì fò mí lórí pátápátá. Orúkọ gbogbo fódà ló máa ń hàn lórí kọ̀ǹpútà oníkálukú. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá tẹ ti kílíníìkì, ẹ̀rọ á lé e padà. Ní báyìí, ó ń ṣí. Kò sí ẹni tó ní láti jalè kó tó rí i.

N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rí fáìlì ọmọkùnrin náà títí di òní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mo wọ káńtíìnì, mo sì rí ọmọ náà tó dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń gba ènìyàn mẹ́fà. Àwọn tí wọ́n jọ ń di páálí ti kó àwo wọn lọ sí tábìlì kejì, wọ́n fún ara wọn mọ́ra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ẹnìkan ti fi bíró kọ orúkọ sára kọ́ọ̀bù tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo kọ́ọ̀bù ló ní orúkọ, àyàfi ọ̀kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó gbójú sókè, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé àwo mi padà sí ọ́fíìsì, bí ẹni tí iṣẹ́ há lọ́rùn.

Wọ́n mú un kúrò nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di páálí, wọ́n ní ààbò rẹ̀ ni àwọn ń rò. Wọ́n ní kó máa gbálẹ̀ ọgbà. Ó gbá a fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò wá mọ́.

Kété tí Mátírọ́ọ̀nù ti Ìbàdàn dé, wọ́n gbé kúẹ̀rì lé e lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kékeré ti sunkún, ó ti búra, ó sì ti padà síbi tó ti wá. Ẹni tó kọ fáìlì náà fúnra rẹ̀ ni gbogbo ẹnu wá kóra jọ lé lórí. Wọ́n ní òun ni ọmọkùnrin náà finú hàn, ta ni ìbá tún tú u síta? Mátírọ́ọ̀nù wá bá mi ní yàrá mi. Kò jókòó.

"Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yìí. Ǹjẹ́ ó lè sọ ẹni tó wo fáìlì ọmọ yẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, mà."

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Kò tíì jáde tán tí mo ti yíjú sí kọ̀ǹpútà. Mo ní kí ẹ̀rọ fi fódà kílíníìkì hàn mí. Níwájú orúkọ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́sàn-án ló wà tó ń sọ ẹni tó lè ṣe kí ni. Gbogbo wọn pé, kò sí àlàfo kankan láàárín wọn. Ẹ̀rọ yẹn sì máa ń pa gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ mọ́ sínú fáìlì kan. Mo wá inú rẹ̀, mo bá ìlà tí mo tẹ̀ ní ọjọ́ Fúráìdè. Mo ti fódà náà padà. Bí mo ṣe tì í, ọjọ́ àti wákàtí tí mo tì í rọ́pò ọjọ́ tí mo ṣí i. Lẹ́yìn náà mo ṣí fáìlì ìrántí yẹn, mo pa ìlà mi rẹ́ kúrò láàárín àwọn ìyókù. Àwọn tó kù sún mọ́ ara wọn bí ẹni pé kò sí ohun tó wà níbẹ̀ rí.

Mo lọ bá a ní kílíníìkì. Mo ní, "N kò rí nǹkan kan, mà."

Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa. O ṣeun, ọmọ mi."

Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi ní kó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó má bàa di pé àwọn lé e. Ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. A pé jọ sí káńtíìnì láti dágbére fún un, mo sì wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́.

Oṣù méje ni mo fi gbé e pamọ́. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ẹni tó kú. Mo sọ fún ara mi pé bí n kò bá tilẹ̀ ṣí i, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pamọ́ títí. Lẹ́yìn náà ara mi kò yá, mo lọ sí kílíníìkì, nọ́ọ̀sì tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní àwọn ìbéèrè tí obìnrin kì í dáhùn níwájú ènìyàn. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, mo dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún lè rí ohun tí ẹ ń kọ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé èmi ni mo máa sọ fún yín? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ ọ."

 Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo béèrè ilé Mátírọ́ọ̀nù lọ.

Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, ilé àtijọ́ nínú ìgboro Ìkòròdú. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún bàbá arúgbó kan. Ó ní kí n jókòó. Nígbà tí bàbá náà lọ, mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ó yọ ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ lílù àyà kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó fi sínú páálí rẹ̀.

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì," ó ní. "Ọkọ mi pàápàá bi mí lórí ibùsùn pé ṣé ẹnu mi ò yọ̀ ni. Ọkọ mi! O mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wá bá ọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ yẹn, mà. Kété tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ mi."

"O sì wá pàtẹ́wọ́ fún mi."

Mo dojú bolẹ̀. 

"Dìde. Ìkúnlẹ̀ rẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́, kí o sì mú un wá kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Òyìnbó ni mo fi kọ lẹ́tà náà. Nígbà tí mo padà wá, ó ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún òun bí mo ṣe ń kà á. Mo dé ibì kan, mo ní, "Wọ́n ṣí fódà kílíníìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Ta ni wọ́n?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dé tí o ń pe ara rẹ ní wọ́n?"

Òyìnbó tí mo kọ kò dárúkọ ẹni tó ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tún lẹ́tà yẹn kọ. N kò mọ̀ pé mo ti kó "wọ́n" tó bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ kà á, ó fi bíró rẹ̀ lu tábìlì. Ó ní ọ̀rọ̀ tó ti tutù ni, kí ló dé tí mo ń hú u jáde. Mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi gbé e lọ sókè. Wọ́n dá mi dúró nílé fún oṣù kan, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí Mátírọ́ọ̀nù pé kò jẹ̀bi. Wọ́n ní kó padà wá bó bá fẹ́. Kò padà. Ó ní kí n bá òun ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí òun fi ọ̀kan hàn ọkọ òun.

Àkókò tí wọ́n dá mi dúró yẹn ni mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àdírẹ́sì ọmọkùnrin náà wà nínú fáìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu Mátírọ́ọ̀nù ni mo ti béèrè ọ̀nà. Mo wọ mọ́tò ní Gáréèjì, a gba Ìtóìkín, mo sì dé Ọjà Olúwo kí oòrùn tó mú. Mo béèrè ìyá rẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó so aṣọ mọ́ àyà nídìí ẹja. Nígbà tí mo sọ pé Ìkòròdú ni mo ti wá, ó pa ọwọ́ rẹ̀ pọ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni Àǹtí tí ọmọ mi máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀yin lẹ ṣe dáadáa fún ọmọ mi níbẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ra móòtì tútù wá fún yín."

Ó ti lọ kí n tó lè la ẹnu. Ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà páànù lẹ́yìn ibẹ̀, ó ń to ẹja sínú páálí fún àwọn tó ń kó o lọ sí Èkó. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó sún mọ́ iná, kì í sì í jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ létí ọ̀sà. Ó dìde nígbà tó rí mi. Inú rẹ̀ dùn, èyí ló sì jẹ́ kó nira.

"Ẹ má bínú," ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ń fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ bí mo ṣe ṣí fódà, bí mo ṣe gbàgbé, bí mo ṣe parọ́ fún Mátírọ́ọ̀nù. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ń fi àtàǹpàkò ra okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà kà á?"

"Mo kà á."

"Kí àwọn yẹn tó gbọ́ ni?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á."

 "Ẹja tí mo ń mú wá nígbà yẹn ńkọ́?"

Mo lè parọ́. Kò sí ẹni tó rí mi ní ìdí ààtàn yẹn. "N kò jẹ ẹ́," mo ní. "Mo dà á nù."

Ó wo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Nígbà tí gbogbo wọn yípadà, mo máa ń sọ fún Mọ́mì pé ẹnìkan ṣì wà tí kò yípadà. Pé Àǹtí ṣì ń gba ẹja wa."

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo dúró síbẹ̀, òórùn èéfín ń wọ̀ mí nímú, àwọn obìnrin ń ná ọjà lẹ́yìn mi.

"Ẹ máa lọ, Àǹtí," ó ní. "Ẹ máa lọ kí Mọ́mì tó dé. N kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lónìí, wọ́n á sunkún nínú ọjà. N ó bá wọn sọ ọ́ nílé."

Mo gba ẹ̀yìn ìsọ̀ jáde. Mo rí ìyá rẹ̀ lókèèrè tó gbé ìgò móòtì méjì bọ̀, tó ń yà fún omi tó dà sílẹ̀ kó má bàa yọ̀. Mo fi òpó kan bo ara mi títí ó fi kọjá.

Wọ́n gbà mí padà síbi iṣẹ́. Mo máa ń pe ọmọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́, kò gbé e. Ìgbà kejì ó gbé e, ó ní ara òun le, oògùn ń ṣiṣẹ́, òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí fóònù padà. Ó kí mi dáadáa, ó fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Kò pè mí ní Àǹtí.